Bàálù Tó Fi Ikùn Balẹ̀: Èsì fún Ìyá Alàdìrẹ Kan ní Ìtòkú

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Ọmọ mi ọkùnrin wà nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Èyí tó fi ń kọ́ṣẹ́ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ká, ṣùgbọ́n ó ní àwọn máa tó bọ́ sórí èyí tó ń ká ẹsẹ̀ mọ́nú. Ẹnì kan wá fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: bàálù kékeré kan ń balẹ̀ láìsí taya nílẹ̀, ikùn rẹ̀ ń ha ọ̀dà, iná ń ṣẹ́ yọ lábẹ́ rẹ̀. N ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Báwo lẹni tó kàwé ṣe máa gbàgbé taya? Nígbà tó sì gbọ́ tí ikùn ń ha ilẹ̀, kí ló dé tí kò gbéra padà? Kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe gbogbo bàálù ní ẹlẹ́sẹ̀ gbọin? Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi gun èyí tó ń ká ẹsẹ̀ yẹn?"

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa, ajé á wọgbá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe bàálù tí mo sì padà sílé ní Ọbáńtokò, irú fídíò bẹ́ẹ̀ ò yé wọlé sórí fóònù tèmi náà. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà yín jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Bàálù kékeré tó bá fi ikùn balẹ̀ lórí rọ́nwè (ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra tó sì ń balẹ̀) tó gùn, tó tẹ́jú, kì í sábà pa èèyàn. Á ha ilẹ̀ lọ tààrà, á dúró, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Owó ló máa ń bá a lọ, owó ńlá sì ni. Ohun tó ń pa èèyàn nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ bàálù ni ohun tí páílọ́ọ̀tì ṣe nígbà tí ìpayà mú un, tàbí ohun tó yẹ kó ṣe tó gbàgbé nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé mo kàn ń tù yín nínú ni: lọ́jọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bàálù Beechcraft Super King Air kan gbéra ní Newcastle lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, èèyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀, kò jáde. Páílọ́ọ̀tì ń pòyì lókè fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́ta kí epo inú rẹ̀ lè dín kù, àwọn panápaná ti tò sílẹ̀ dè é. Ó rọra fi ikùn bà lé rọ́nwè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jáde ní àlàáfíà. Bàálù ńlá náà ti ṣe é rí. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, Boeing 767 ti iléeṣẹ́ LOT ti Pólándì fi ikùn balẹ̀ ní Warsaw pẹ̀lú èèyàn 231. Kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fara gbọgbẹ́ tó le. Màá ṣì padà sórí ti LOT yìí, nítorí pé ohun tó dá wàhálà náà sílẹ̀ kéré débi tó fi ń bí mi nínú.

Ẹ ní kí ló dé tí wọn ò ṣe gbogbo wọn ní ẹlẹ́sẹ̀ gbọin. Afẹ́fẹ́ ló fà á. Ẹsẹ̀ tó yọ síta máa ń fa bàálù sẹ́yìn; bí wọ́n bá ká a mọ́nú, bàálù á sáré sí i, epo tó ń jó á sì dín kù. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í jìnnà sí pápá, èrè ìyẹn ò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí Cessna 172, Diamond DA40 àti TB-9 tí wọ́n ti lò nílé ẹ̀kọ́ wíwa bàálù ní Zaria fi jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gbọin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sórí irú TB-20 tàbí DA42, tí ẹsẹ̀ wọn ń ká. Láti ọdún 1964 ni ilé ẹ̀kọ́ Zaria ti wà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wa bàálù wa láti Ìkẹjà lọ sí Àbújá ló gba ibẹ̀ kọjá. Lójú tèmi o, bí kì í bá ṣe pé ẹni náà fẹ́ fi wíwa bàálù jẹun, kò nídìí láti wá ẹlẹ́sẹ̀ kíká lọ. Cirrus SR22 kì í ká ẹsẹ̀, ó sì ń sáré ju Piper Arrow tó ń ká ẹsẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ lágbára jùyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kì í ṣe ẹsẹ̀ kíká nìkan ni ọ̀nà eré. Ọmọ yín ní tirẹ̀ fẹ́ fi jẹun, nítorí náà kò sí bó ṣe máa yẹ̀ ẹ́: kò sí bàálù akérò ńlá kan tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gbọin.

Ẹ má sì rò pé ẹlẹ́sẹ̀ gbọin ò léwu tirẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ó ṣàníyàn, èyí tó ń gùn lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣàníyàn lé lórí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni irú bàálù bẹ́ẹ̀ ní, méjì láàárín, ọ̀kan níwájú. Àwọn méjì àárín ni wọ́n ṣe kí wọ́n lè gba ìwúwo bàálù nígbà tó bá ń kanlẹ̀. Tiwájú ò lágbára tó wọn, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé imú dúró, kó sì máa darí bàálù nílẹ̀. Bí jàǹbá ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé: akẹ́kọ̀ọ́ bá eré tó pọ̀ jù wọlé. Bàálù kanlẹ̀, ó ta sókè padà, ó ga díẹ̀. Àyà rẹ̀ já, ó ti ọwọ́ ìdarí síwájú kó lè tètè padà sílẹ̀. Imú dorí kodò, ẹsẹ̀ iwájú ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, bàálù tún ta sókè, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún tì í síwájú. Bó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ iwájú á ṣẹ́, pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú, á gbá ọ̀dà, imú á máa ha ilẹ̀ lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀ ò gba àkókò tí èèyàn fi ń ka owó náírà mẹ́wàá.

Àtúnṣe rẹ̀ ò sì le. Bí bàálù bá ti ta sókè lẹ́ẹ̀kan báyìí, kó ti ẹ́ńjìnì dé òpin agbára rẹ̀, kó jẹ́ kí imú tẹ́jú, kó máa lọ sókè, kó yí ká, kó tún wá balẹ̀ lákọ̀tun. Kò tíì ba nǹkan kan jẹ́ nígbà yẹn, pùròpẹ́là ò tíì kan ilẹ̀. Páílọ́ọ̀tì tó ti wa bàálù títí irun rẹ̀ fi funfun ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe é: wọ́n ń rò pé àwọn tó dúró sílẹ̀ á fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ẹsẹ̀ tó ń ká. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kí ẹsẹ̀ jáde nìkan ò tó. Ó gbọ́dọ̀ jáde, kó sì há sí àyè rẹ̀. Ẹ ti rí ọlọ́kadà ní Pánṣẹ́kẹ́ tó fẹsẹ̀ ti sùtáǹdì tí sùtáǹdì ò sì dé òpin, tó wá yíjú sí oníbàárà rẹ̀ kó tó gbọ́ gbàà lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bàálù tí kò há ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ní òkè, ó nà jáde dáadáa, ojú ẹni tó wà nílẹ̀ ń rí taya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwúwo bàálù bà lé e, ó ká padà lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi fọkàn tán páílọ́ọ̀tì tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tawà (ilé gíga tí wọ́n ti ń darí bàálù) tí wọ́n sọ fún un pé "a rí ẹsẹ̀ rẹ," tó wá fi ìyẹn ṣe ìdánilójú. Ẹni tó wà ní tawà lè rí taya, kò lè rí ohun tó há a.

Ohun tó ń sọ fún páílọ́ọ̀tì pé ẹsẹ̀ ti há ni iná kéékèèké mẹ́ta, aláwọ̀ ewé, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Súìṣì kan tó kéré ju ọmọ ìka mi lọ ló wà níbi tí ẹsẹ̀ ti ń há. Bí ẹsẹ̀ bá há, á tẹ súìṣì náà, iná á tàn. Súìṣì yìí wà lábẹ́ bàálù níbi tí taya ti ń ta omi àti ẹrẹ̀ bá a. Mo ti ṣí i rí nígbà ọyẹ́ tí eruku ti pò mọ́ gíríìsì lórí rẹ̀, tó ti gan mọ́ ọn, tí mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí kò ta padà. Ẹsẹ̀ bàálù yẹn há dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é. Súìṣì tó yẹ kó jẹ́rìí sí i ni kò lè sọ̀rọ̀.

Yàtọ̀ sí iná, ìró kan wà tó máa ń dún bí páílọ́ọ̀tì bá dín agbára ẹ́ńjìnì kù nígbà tí ẹsẹ̀ ò tíì jáde. Bákan náà ni wọ́n ṣe ọwọ́ tí wọ́n fi ń sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀: orí rẹ̀ rí róbótó bíi taya, kí páílọ́ọ̀tì lè mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ láìwò ó. Ìyẹn ní ìtàn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn páílọ́ọ̀tì ológun Amẹ́ríkà tó ń wa B-17 máa ń balẹ̀ tán láyọ̀, wọ́n á wá fa ẹsẹ̀ ká mọ́nú lórí rọ́nwè, bàálù á sì jókòó sórí ikùn rẹ̀. Àwọn ọ̀gá wọn ní ìwà àìbìkítà ni. Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló wò ó tó rí i pé ọwọ́ tí wọ́n fi ń ká ẹsẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi ń ká etí ìyẹ́ bàálù jọra, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì wà. Wọ́n fi taya rọ́bà kékeré sórí ọ̀kan, wọ́n fi ohun tó rí bí ìyẹ́ sórí èkejì, àṣìṣe yẹn sì rọlẹ̀. Títí dòní ni òfin ṣì ń béèrè pé kí orí ọwọ́ ẹsẹ̀ rí bíi taya.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, báwo lèèyàn ṣe ń gbàgbé? Ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe àìkàwé. Páílọ́ọ̀tì tó ń múra láti balẹ̀ máa ń fò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwè, á yí, á tún yí, kó tó dojú kọ ọ́. Ibì kan wà tó ti máa ń sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nígbà tí ìbẹ̀rẹ̀ rọ́nwè bá wà lápá rẹ̀ gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sídìí ọwọ́ ẹsẹ̀ báyìí ni tawà pè é pé: "Bàálù kan ń bọ̀ níwájú rẹ, pòyì lẹ́ẹ̀kan ná." Ó dá ọwọ́ dúró, nítorí kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ síta kó máa pòyì. Ó ń wá bàálù kejì, ó ń dá tawà lóhùn, ó ń ṣọ́ eré rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà sójú ọ̀nà, ibi tó ti máa ń sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ ti kọjá, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé ó ti ṣe é, nítorí pé ní gbogbo ọjọ́ tó bá ti dé ibi yìí, ó ti máa ń ṣe é tán. Kò purọ́ bó bá ní òun rántí pé òun sọ ọ́ kalẹ̀. Ti àná ló ń rántí.

Ìró tó yẹ kó jí i wá ńkọ́? Ó dún o. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́kàn èèyàn, etí ló kọ́kọ́ máa ń di. Ohun míì tún wà tí àwọn olùkọ́ kì í fẹ́ sọ: lọ́jọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń dín ẹ́ńjìnì kù lókè léraléra láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí yóò ṣe ṣe bí ẹ́ńjìnì bá kú, ìró yẹn á sì máa dún lásán, kò ní sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bó bá pẹ́, etí á gbà pé ariwo ojoojúmọ́ ni. Àwọn àgbà páílọ́ọ̀tì kan máa ń fi ṣàwàdà pé oríṣi méjì làwọn: ẹni tó ti gbàgbé ẹsẹ̀ rí àti ẹni tó ṣì máa gbàgbé. N kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gbà pé dandan ni kóun gbàgbé kò ní wá bí kò ṣe ní gbàgbé.

Ìgbà míì sì wà tí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ̀. Pọ́ǹpù kú, ọ́ìlì jò tán, bátìrì rẹlẹ̀, tàbí gílóòbù lásán ló jó. Ìdí gílóòbù ni ọlọ́gbọ́n páílọ́ọ̀tì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú Piper Arrow, á yọ gílóòbù tó tàn níbi ẹsẹ̀ kan, á fi sí ibi tí kò tàn. Bó bá tàn, ẹsẹ̀ ò ní nǹkan kan tó ṣe é. Irú Piper yìí kan náà máa ń dín ìmọ́lẹ̀ iná ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kù bí páílọ́ọ̀tì bá tan iná ìrìnnà alẹ́, kó má bàa máa wọ̀ ọ́ lójú. Bó bá tan án lọ́sàn-án gangan, oòrùn á bo iná ewé mọ́lẹ̀, á wá máa pariwo pé ẹsẹ̀ òun ò jáde. Bó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni kò jáde, gbogbo wọn ló ní ọ̀nà àbáyọ. Nínú Arrow, agbára ọ́ìlì ló gbé ẹsẹ̀ dúró sókè. Bí wọ́n bá tú agbára náà sílẹ̀, ẹsẹ̀ á fi ìwúwo ara rẹ̀ já bọ́. Nínú Bonanza, ọwọ́ kan wà lẹ́yìn àga tí páílọ́ọ̀tì máa fi yí i bí ìgbà 50 kó tó há. Àwọn Cessna kan ní pọ́ǹpù ọlọ́wọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ LOT ti wọlé. Ọ́ìlì wọn jò, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ wà tó ń lo iná mànàmáná. Fúùsì kan ló ti yọ, kò sẹ́ni tó kíyè sí i, ọ̀nà àbáyọ náà ò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé bàálù yẹn kúrò nílẹ̀, wọ́n ti fúùsì náà padà, ẹsẹ̀ sì jáde wẹ́rẹ́. Bàálù odindi, nítorí fúùsì!

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìyá wa, ti LOT dáa, nítorí páílọ́ọ̀tì ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ gba gbogbo ọkàn òun. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1972, bàálù ńlá Eastern 401 ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Miami lóru, iná ewé ti ẹsẹ̀ iwájú ò tàn. Àwọn tó wà níwájú kó ojú wọn jọ sídìí gílóòbù yẹn. Ẹ̀rọ tó ń bá páílọ́ọ̀tì wa bàálù, tó ń dì í mú lókè, tú sílẹ̀, wọn ò mọ̀, bàálù ń rọra lọ sílẹ̀ títí tó fi wọ inú àbàtà. Èèyàn tó ju 100 lọ ló kú. Ẹsẹ̀ wà níta, ó há. Gílóòbù ló jó. Ọdún 1978, lọ́jọ́ 28 oṣù Kejìlá bákan náà, bàálù United 173 ń pòyì lókè Portland ní Amẹ́ríkà bíi wákàtí kan nítorí ẹsẹ̀, títí epo fi tán pátápátá. Èèyàn 10 kú nínú tiyẹn. Ẹsẹ̀ tiwọn náà ti há. Enjiníà inú bàálù ń sọ pé epo ń lọ, kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́, ọ̀gá rẹ̀ náà ò sì gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni iléeṣẹ́ United bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe lè bá ọ̀gá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nínú bàálù, àti bí ọ̀gá ṣe máa gbà á. Kárí ayé ni wọ́n ń kọ́ ọ báyìí. Ní ilẹ̀ wa níbí tí ọmọdé kì í wo àgbà lójú, ẹ̀kọ́ yẹn le fún wa ju bó ṣe le fún òyìnbó lọ, ó sì yẹ ká tẹra mọ́ ọn jù wọ́n lọ.

Ẹ tún béèrè pé nígbà tó gbọ́ tí ikùn ń ha ilẹ̀, kí ló dé tí kò gbéra padà. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ bí orúkọ rẹ̀. Nínú bàálù kékeré tó ní pùròpẹ́là níwájú, pùròpẹ́là ló sábà máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Kó tó dún gbọnrangandan létí páílọ́ọ̀tì, àwọn apá rẹ̀ ti ká sẹ́yìn, ọ̀pá àárín ẹ́ńjìnì sì ti gba ìkọlù náà. Bó bá tún fa á sókè, ó ń gbé ohun tó ti fọ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ó lè ga tó ilé alájà mẹ́ta kí ẹ́ńjìnì tó kú, rọ́nwè á sì ti tán lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, bàálù PIA 8303 ṣe bẹ́ẹ̀ ní Karachi lórílẹ̀-èdè Pakistan: Airbus A320, ó balẹ̀ láìsí ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnì méjèèjì ha rọ́nwè, páílọ́ọ̀tì gbéra padà. Ẹ́ńjìnì kú lókè, bàálù já lu ilé àwọn èèyàn. Èèyàn 99 ló wà nínú rẹ̀, méjì péré ló yè é, ẹnì kan sì tún kú nílẹ̀. Bó bá jókòó sórí rọ́nwè tó ti bà lé yẹn, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn wà láàyè. Nítorí náà, páílọ́ọ̀tì inú fídíò tiyín, èyí tó dúró sílẹ̀ tó jẹ́ kó ha lọ, ohun tó tọ́ ló ṣe lẹ́yìn tó ti ṣe èyí tí kò tọ́. Kó tó kanlẹ̀, gbéra padà. Bó bá ti ń ha ilẹ̀, jókòó.

Ẹni tó bá mọ̀ ṣáájú pé ẹsẹ̀ òun ò ní jáde, àyè wà fún un láti múra. Ká ní orí Abẹ́òkúta níbí ló wà, tó jẹ́ pé bó ṣe wò ó, àpáta àti páànù ló máa rí, kò sí ohun tó ń wá níbí: Ìkẹjà ni kó lọ, tàbí pápá Gateway tó wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Rọ́nwè tó gùn jù ní Ìkẹjà gùn ní mítà 3,900, bàálù kékeré ò nílò ìdá mẹ́rin rẹ̀, ṣùgbọ́n panápaná wà níbẹ̀. Kó má wá koríko lọ nítorí pé koríko rọ̀ lójú. Ilẹ̀ tó rọ̀ lè gbẹ́ imú bàálù wọlé kó sì dà á dé. Ọ̀dà ló ń jẹ́ kó yọ̀ lọ. Iná tó ń ṣẹ́ yọ tí ẹ rí, irin ló ń ha ilẹ̀, epo gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jó o kù ṣáájú, tí páílọ́ọ̀tì á sì pa epo àti iná mànàmáná bó bá ti fẹ́ kanlẹ̀. Kó ṣí ìkọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó má bàa há mọ́ wọn. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan jáde tí méjì kọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sàn kó ká ọ̀kan yẹn padà ju kó fi balẹ̀ lọ, bó bá lè ká. Àwọn kan máa ń pa ẹ́ńjìnì lókè kí pùròpẹ́là má bàa bàjẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn rárá: bí afẹ́fẹ́ bá yí padà lójijì, kò ní ohun tó máa fi gbé ara rẹ̀. Kí pùròpẹ́là bàjẹ́. Nígbà àtijọ́ wọ́n máa ń da fóòmù sórí rọ́nwè, wọ́n ti fi ìyẹn sílẹ̀. Bó bá sì wá jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ló kú, tí kò sí ibòmíràn ju adágún Ọ̀yán lọ, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ wà ní kíká, nítorí taya tó bá kan omi á fa bàálù dojú dé. Ibẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́sẹ̀ kíká ti ju ẹlẹ́sẹ̀ gbọin lọ fún ẹ̀mí èèyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú di taya fúnra rẹ̀. Àwa tó dàgbà kò lè gbàgbé Jeddah, ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1991: DC-8 tó ń kó àwọn alálàájì wa padà sí Ṣókótó. Afẹ́fẹ́ inú taya ò tó, taya gbóná, ó bẹ́ bó ṣe ń sáré gbéra, ó gbiná. Wọ́n ká ẹsẹ̀ mọ́nú, wọ́n sì ká iná mọ́nú pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo èèyàn 261 ló kú. Bí ọmọ yín bá ń yí bàálù po láàárọ̀ tó ń fọwọ́ kan taya, tó ń wo ibi tí ọ́ìlì ti ń jò lára ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kánjú rẹ̀.

Bóyá bàálù inú fídíò yẹn ṣì lè fò, ẹ ò béèrè, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló máa ń béèrè. Ó lè fò. Wọ́n á ra pùròpẹ́là tuntun, wọ́n á tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ wò ó kódà bí ó bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á pààrọ̀ páànù ikùn. Ìgbà míì, owó rẹ̀ máa ń ju iye tí bàálù àgbà náà fúnra rẹ̀ tó lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tà á ní ẹ̀yà ara.

Nípa ọmọ yín: ẹ jẹ́ kó gun ún. Olùkọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbà tó sì dára jù láti kọ́ ọ ni ìgbà tí olùkọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ má bi í pé "ṣé o ò ní gbàgbé?" Ọmọ rere á ní rárá, ìyá á sì sùn, kò sí ohun tó yí padà. Ẹ bi í pé ibo gan-an ló ti ń sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kí ló sì máa ṣe bí tawà bá dá a dúró kó tó débẹ̀. Ìdáhùn tó dára ni pé òun máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì nígbà tóun bá ti dojú kọ rọ́nwè, òun á tọ́ka sí iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun á sì sọ ọ́ síta lẹ́nu, bí kò tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú bàálù. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lo ọ̀nà àbáyọ yẹn lókè, kì í ṣe nínú ìwé nìkan. Ẹ bi í bóyá òun náà ti wo ìjábọ̀ àwọn NSIB, àwọn tí wọ́n ń pè ní AIB tẹ́lẹ̀. Àwọn ló ń wádìí jàǹbá bàálù nílẹ̀ wa, iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ìdí nìyẹn tí ìwé wọn fi ṣeé kà fún ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè ohun tí olùkọ́ rẹ̀ máa ń ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gbéra padà dípò kó balẹ̀. Bó bá ní olùkọ́ máa ń kí i kú iṣẹ́, ẹ lọ ta àdìrẹ yín. Bó bá ní wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì, ẹ pe ilé ẹ̀kọ́ náà lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì béèrè ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àwọn olùkọ́.